Ta Ni Wọ́n Sè?

Adágún ti dì gbagidi láti oṣù kọkànlá.
Àwa mẹ́rin jókòó lórí korobá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀,
ihò kan láàrin wa bí ẹnu ìkòkò,
ìwọ̀ wa nínú omi dúdú,
ọkàn wa lórí ọ̀rọ̀ tí kò kan ẹja kankan,
tàbí tó kàn wọ́n ju bí a ti rò lọ.

Hilppa ló fà á.
Ogún ọdún ló fi ṣírò owó orí ní Kuopio,
kò sí òǹkà tí í rú u lójú.
Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìran ọbẹ̀ yẹn."

Ìran ọbẹ̀! Sinimá ọmọdé, àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà,
ìran náà ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ:
ìyá béárì ń bu ọbẹ̀ ẹja fáwọn ọmọ ẹ̀,
ilẹ̀kùn dún, kó, kó, kó.
Ta ló dé? Ọ̀gbẹ́ni Ẹja ni, akólẹ́tà,
ó dé fìlà, ó lo awò ojú,
ó ki orí bọ abọ́ gíláàsì tó kún fómi
kí èémí má baà tán lára ẹ̀.
"Ẹ kú alẹ́ o. Lẹ́tà yín rèé."
Ìyá béárì rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹ bá wa re! Ẹ wá jẹun."

Ẹ wá jẹun!
"Ta ni wọ́n sè?" ni Hilppa wí. "Ta ni wọ́n sè gan-an?"

Tuukka ní ọ̀nà méjì lẹja pín sí:
èyí tó ń dé fìlà, èyí tí kì í dé fìlà.
Fìlà lòfin.
Mo ní, bí atẹ́gùn bá wá gbé fìlà mi lọ báyìí,
ṣé ẹ ó máa wá àlùbọ́sà nìyẹn?

Veijo wú ikọ́. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi ni,
ti ọbẹ̀ kọ́ ló ká a lára.
"Yìnyín bo òrùlé, imú béárì ń rú èéfín,
omi inú abọ́ yẹn kò dì?
Ilé mẹ́tàdínlógún ló wà ládùúgbò náà.
Mo dá sinimá dúró, mo kà wọ́n.
Kó tó dé ilé kẹta, ó ti di òkúta."
Hilppa ní ó lè jẹ́ omi iyọ̀.
"Omi iyọ̀ kẹ̀? Ẹja odò ni! Ẹ ò rí lẹbẹ́ ẹ̀ ni?"
Ó ń ya àwòrán àdúgbò náà sẹ́yìn páálí ìdẹ,
ìka ẹ̀ ti pọ́n bí ata, kò wọ ìbọ̀wọ́.
Tútù là á ká ẹja, lóòótọ́,
ṣùgbọ́n kì í ṣe irú tútù yìí.

Àfi bí Tuukka ṣe dákẹ́ lójijì.
Ó ní, "Lẹ́tà yẹn. Kò sẹ́ni tó tú u."
Kò sẹ́ni tó tú u lóòótọ́, títí sinimá fi parí.
"Bóyá òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́.
Bóyá ohun tó wà níbẹ̀ ni:
*Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ jọ̀ọ́,
àbúrò mi jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò tíì wálé.*"

A ò lè rẹ́rìn-ín mọ́.
Veijo ká ìwé ẹ̀ sápò.

Ìgbà yẹn gan-an ni okùn mi fà.
Ẹja abilà kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
ó ń yanu, ó ń panu dé,
bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.
Hilppa gbé e sókè, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún,
ó fi fìtílà yẹ orí ẹ̀ wò dáadáa.
"Kò dé fìlà," ló wí.

Sítóòfù ti ń jó. A fi bọ́tà sí i, a fi ọ̀dùnkún sí i.
Ó dùn, n kò ní parọ́.

Bí a ti ń lá ṣíbí, yìnyín dún lábẹ́ wa,
kó, kó, kó,
bó ti máa ń dún lálẹ́ tí òtútù bá le sí i.
Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn.
Síbẹ̀, kò sí èyí tó ní, ta ló dé.