Ohun Tí Mo Rò Kí Iná Tó Dé

Bátìrì ku ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo pa kọ̀ǹpútà dé bí ẹni ń bo ìkòkò ọbẹ̀,
mo gbé àga bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Ẹ̀pẹ́ dákẹ́. Ọ̀sà ń rùn bí ọ̀sà.
Mùkáílà akanọkọ̀ ń fi òwú àti ọ̀dà dí ara ọkọ̀ kan
tí kò tíì fojú kan omi rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Wọ́n ní ohun tuntun ni iṣẹ́ mi.
Irọ́ ni. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá ibi tí ti àná ti ń jò.
Mùkáílà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ tí kì í jò kò sí,
èyí tí a tètè rí ojú ihò rẹ̀ ló wà."
Mo kọ ọ́ sórí pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri
lókè ibi tí ọmọńlé ń sùn.

Wọ́n tún ní inú ìkùukùu ni wọ́n ń kó iṣẹ́ wa pamọ́ sí.
Ìkùukùu wo?
Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, nínú ilé ẹlòmíràn,
tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́ mi ní dọ́là.
Ìkùukùu tí mo mọ̀ níbí kì í gbowó:
á ṣú, á rọ̀,
aṣọ tí a sá á tún tutù.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo ṣe áàpù kan
fún àwọn tó ń ta ẹja ní Olúwo,
kí wọ́n lè máa fi ka gbèsè.
Ọ̀gá kan wá láti Lẹ́kí, bàtà rẹ̀ funfun báláú,
ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni yóò lò ó kí ọdún tó yí po,
ó fowó sí i,
ó ya fọ́tò pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja, ó lọ.
Ìyá Ràfátù wo ojú fóònù, ó wo ojú mi:
"Ta ló sọ fún ẹ pé gbogbo gbèsè ni mo fẹ́ rántí?
Sàídátù tí ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn,
ṣé kí ẹ̀rọ máa ké lé e lórí láràárọ̀ ni?"
Mo tú gbogbo kóòdù mi wò,
n ò rí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ fún ojú àánú.
Áàpù náà kú lóṣù kẹjọ.
Èèyàn mọ́kàndínlógún ló lò ó.
Mẹ́ta nínú wọn, èmi náà ni.

Ẹni tó bá ní òun ti parí iṣẹ́,
ẹ bi í bóyá ó ti dán an wò lórí fóònù tí ojú rẹ̀ fọ́,
tí dátà rẹ̀ kò ju ti igba náírà lọ.
Ẹni tó sì ń fi wákàtí mẹ́ta jà
nítorí orúkọ tí yóò sọ fáìlì, ẹ fún un lómi mu.
Mo ti jà á rí. Mo pàdánù.

Ẹ̀rọ kan wà báyìí tó ń bá ni kọ kóòdù.
N ò bú u. Ó yára, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í tọrọ owó ọkọ̀.
Ṣùgbọ́n tó bá ń purọ́, ojú rẹ̀ máa ń le
bí ojú ọmọ tó jẹ ẹran inú ọbẹ̀
tí epo ṣì wà létè.
Àbúrò mi Kàfáyátù ní, ṣé kò ní gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi?
Mo ní, ayùn oníná dé, Mùkáílà ò kúrò létí ọ̀sà;
igi ni kò tó mọ́.
N ò mọ ohun tí mo fi ìyẹn wí.
Ó kàn dùn létí ni.

Wọ́n ti ọkọ̀ náà sómi nígbà tí oòrùn ń wọ̀.
Ó jò.
Mùkáílà rẹ́rìn-ín, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀,
ó ní kí wọ́n wọ́ ọ padà.
Iná ò tíì dé.