Ojú Àtàǹpàkò

Ọgbọ̀n wàláà ni Lùkúmọ́nù ní kí n ṣe,
ọmọ Àáfà Bùráímọ̀ tó jogún ilé kéwú
lẹ́yìn Òkè-Ẹ̀ṣọ̀, n'Íléṣà níbí.
Kò bá mi dúnàádúrà. Ó ní, "Kí gbogbo wọn ṣáà rí bákan náà,
kí ọmọ ẹnìkan má fi tirẹ̀ ṣe fáàrí."
Ó san ẹgbàárùn-ún sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Mo wá pìláíwúùdù tí n ó fi gé àwòṣe, n kò rí.
Ni Yèyé mi bá wọ ìyẹ̀wù,
ó gbé wàláà tèmi jáde,
èyí tí mo jù sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo sá fún ẹgba
tí n kò sì padà lọ parí súrà tí mo bá dé.
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi dé ìkòkò àgbo.
Tàdáà ti wọ inú igi lọ bí ilà ojú.
"Ṣé kì í ṣe bó ti í rí nìyí?"

Fi téèpù olójú méjì lẹ àwòṣe mọ́ pákó afàrà.
Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ọmọ tí kò fẹ́ mu àgbo.
Béárínì kan wà lọ́rùn bíìtì ráútà,
roboto, kò tó kóró ẹ̀wà.
Òun kì í jẹ igi. Ó kàn ń fara rọ ẹ̀gbẹ́ àwòṣe lọ ni,
bí afọ́jú tí ń fọwọ́ tọ́ ògiri délé;
ọ̀bẹ abẹ́ rẹ̀ ló ń jẹun.
Fún un díẹ̀. Tún fún un díẹ̀.
Ibi tó bá ń yí sí, má bá a lọ, lòdì sí i:
bí o bá bá a lọ, yóò wọ́ ọ sáré
bí ewúrẹ́ tó já okùn.
Má sì dúró lójú kan. Igi a máa jó,
òórùn rẹ̀ a dà bí ẹ̀kọ tó lẹ̀ mọ́dìí ìkòkò.

Mo tan jẹnẹrétọ̀.
Eruku bo ìpéǹpéjú mi. Mo ń yin ọwọ́ ara mi
títí mo fi to ẹyọ méje jọ,
tí mo fọwọ́ ra wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Wọ́n kán léyín. Gbogbo wọn. Lápá òsì, níbì kan náà.

Mo mọ ibẹ̀.
Mo fi wàláà gbá Lùkúmọ́nù lẹ́yìn etí
lọ́jọ́ tó bú Yèyé mi.
Orí rẹ̀ ò fọ́, wàláà ló kán.
Béárínì ò mọ ìjà, kò mọ ẹ̀bẹ̀;
ohun tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ó bá mi ṣe é lẹ́ẹ̀méje láàárọ̀ kan ṣoṣo.

Mo po gọ́ọ̀mù mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi, mo dí i.
Mẹ́tàlélógún tó kù dán bí ẹyin.
Mo ní kí n fi méje yẹn dáná.
Yèyé ní, "Ta ni yóò san owó pákó?"

Lọ́jọ́ Sátidé, mo fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ àpò.
Mo ní n kò gbowó lórí ìwọ̀nyí.
Lùkúmọ́nù mú ọ̀kan, ó fọwọ́ tọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀
dé ibi tó kán, ó dúró.
Ọwọ́ kejì rẹ̀ gun òkè, ó lọ sẹ́yìn etí.
Kò sọ̀rọ̀. Èmi náà ń wo bàtà mi.

Àwáwù kékeré, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ,
gba wàláà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí itan,
àtàǹpàkò rẹ̀ sì jókòó sínú kòtò yẹn pẹ́kí.
"Àáfà, tèmi ní ojú àtàǹpàkò!"
Kí á tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ń fi dídán wọn pààrọ̀,
wọ́n ń fi gúgúrú lé e.

"Kí gbogbo wọn rí bákan náà," mo ní.
Lùkúmọ́nù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ka owó méje náà mọ́ ìyókù.
"Tìrẹ ńkọ́?"
Mo ní téèpù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.