Ọdún Tí Ẹ̀rọ Rò Pé A Wà

Ó ké nígbà mẹ́ta, pín, pín, pín,
ó dákẹ́.
Fáànù ń yí, iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú,
ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣú bí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ lóru àìlóṣùpá.
Sùnmọ́nù tó ń tún fóònù ṣe l'Ókè-Balógun
gbé etí lé e, ó mi orí:
"Pátákó inú rẹ̀ ti kú, àǹtí.
Ẹ tà á fún àwọn onírin àlòkù."
Mi ò dá a lóhùn.
Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Bàbá fi kọ́
bí wọ́n ṣe ń tẹ orúkọ ẹni lórí ohun yìí.

Mo tẹ́ aṣọ tábìlì àtijọ́ sílẹ̀.
Sukúrù mẹ́rin, ọ̀kan ti dípẹtà,
mo kó wọn sínú ọmọrí agolo mílíìkì.
Áà, ohun tí mo bá níbẹ̀!
Eruku tó ki bí irun àgùntàn,
ẹyin ọmọńlé méjì, ọ̀kan ti fọ́,
àti ìpẹ́ ẹja.
Ìpẹ́ ẹja! Kí ló gbé e dé ikùn kọ̀ǹpútà?
Ìyá mi a máa ha ẹja ní pálọ̀
bí òjò bá lé e kúrò lágbàlá.
Ó dáa, mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Mo yọ mẹ́mọ́rì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì
tí ẹ̀rọ fi ń rántí ohun tó ń rò lọ́wọ́.
Mo gba rọ́bà ìpawé lọ́wọ́ Mùnírátù, èyí tó ti fi eyín gé nídìí,
mo fi ń nu ẹnu wọn díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń pa àṣìṣe rẹ́ nínú ìwé ìṣirò,
títí wúrà fi tún jọ wúrà.
Mo tì wọ́n padà. Kó. Kó.
Nẹ́pà mú iná lọ.

Mo jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú sukurudiráfà láyà
bí èrò tó ń retí ọkọ̀ ojú omi Ejìnrìn.

Agogo mọ́kànlá ku díẹ̀, iná dé.
Ó ké lẹ́ẹ̀kan péré,
igbe ọmọ tuntun.
Lẹ́tà funfun yọ lójú dúdú:
aago ti dàrú, ẹ tún ọjọ́ tò.
Ọjọ́ tí òun mọ̀ rèé:
ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún ẹgbàá ó lé méje.

Bátìrì kan wà nínú rẹ̀ tó rí bíi kọ́bọ̀.
Bó bá ti kú, ẹ̀rọ á gbàgbé gbogbo ọjọ́ tó ti lò,
á padà síbi tí wọ́n ti bí i.

Ẹgbàá ó lé méje.
Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà,
ó ń fi ìka kan tẹ lẹ́tà,
ó ń wá àmì tó yẹ kó wà lábẹ́ Ṣ,
ó ń bú òyìnbó tó ṣe kíbọ́ọ̀dù.
Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ṣì tẹ́jú,
àgbàdo la gbìn síbẹ̀.
Nínú gbogbo ohun tó wà nílé yìí,
ẹ̀rọ yìí nìkan ni ò tíì gbọ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Jìmọ̀ alágogo lẹ́bàá Olúwo.
"Aago ta ni?"
"Ti bàbá mi."
Ó gbowó, kò wojú mi.

Mo fi bátìrì sí i. Mo tẹ oṣù, mo tẹ ọjọ́.
Ọdún ni mò ń gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àtẹ̀gùn:
ó lé mẹ́jọ, ó lé mẹ́sàn-án, ó lé mẹ́wàá.
Nígbà tó di ó lé mẹ́tàlá,
ìka mi kọ̀.

Ìyá mi pè mí láti ilé ìdáná:
"Ṣé ó ti jí?"
"Ó ti jí, Màámi.
Ó ń bọ̀ lọ́nà ni.
Ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wa."