Eku Kẹtàdínlógún

Ìwọ eku kẹtàdínlógún, má gé mi jẹ;
yìnyín Samarkand ló mú ọwọ́ mi tutù,
kì í ṣe ìkà.
Ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta rèé tí mo ti ń gbá ọ lọ́rùn mú láàárọ̀,
tí mo ń ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun,
ẹ̀kán oògùn apakòkòrò nínú òróró àgbàdo.
Àwọn ará àgò kìíní, òróró lásán ni wọ́n ń mu;
wọn ò mọ̀ pé orí bá wọn ṣe é.
Ìwọ náà ò mọ̀. O ń jẹun, o ń fọ ojú bí ọmọ ilé-ìwé,
irun rẹ ń dán.
Ẹni tó bá rí ọ á ní kò ṣe ọ́ ní nǹkan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ergash ń dán nígbà tí mo fẹ́ ẹ,
ọkùnrin tí í gbé àpò òwú méjì lẹ́ẹ̀kan.
Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá
ọkọ̀ òfuurufú kékeré a máa fò kọjá lórí oko,
a da ìrì funfun lé ewé òwú,
àwọn ọmọdé á sáré tẹ̀ lé e, wọn á la ẹnu sókè.
Ó ń rùn bí àlùbọ́sà tó jẹrà.
Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọdún kìíní. Ọdún kẹta. Ọdún kẹsàn-án.
Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran:
ta ni yóò ran tèmi?
Ìyá ọkọ mi, Sharofat, mú mi lọ sídìí igi àtijọ́ kan,
ó ní kí n so àkísà mọ́ ẹ̀ka rẹ̀.
Ó fún mi ní ọ̀rá ìrù àgùntàn mu.
Dókítà mẹ́ta ló wo inú mi.
Kò sẹ́ni tó ní kí Ergash tú ṣòkòtò.
Àgàn ni orúkọ mi nídìí ààrò búrẹ́dì.
Òwú ni gbogbo abúlé ń ká; owú ni èmi ń ká,
owú ọmọ aládùúgbò tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

Lónìí a là ọ́, lẹ́yìn oorun tí o ò jí mọ́.
Mo gbé ẹpọ̀n rẹ sórí òṣùwọ̀n: ó fúyẹ́.
Mo kán omi ara rẹ sórí gíláàsì, mo tẹjú mọ́ awò.
Ti àgò kìíní dà bíi légbénlègbé inú ọ̀gọ̀dọ̀ lẹ́yìn òjò,
wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń kánjú lọ síbi tí wọn ò mọ̀.
Tìrẹ, ọjà tó ti tú.
Ọ̀kan ń yí po lójú kan bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá mú.
Ọ̀kan ní ìrù méjì. Ọ̀kan jẹ́ orí lásán.
Àwọn yòókù dúró.
Mo kà wọ́n dé igba.
Mélòó ló ń wẹ̀ tààrà? Mọ́kàndínlógún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tursunoy wo ojú mi, kò wo ìwé:
"Zulayho, eku kì í ṣe ọkọ ẹnikẹ́ni.
Ìwọ̀n tí a fún un pọ̀ ju ti oko lọ.
Má fo odò tí a ò tíì wọn."
Òótọ́ ló sọ. Mo kọ mọ́kàndínlógún sílẹ̀.
Kò sí àyè nínú ìwé náà fún Sharofat,
tó kú pẹ̀lú ìdánilójú rẹ̀.

Ọmọ laṣọ, wọ́n ní.
Òwú wa bo ayé lára.

Nílé, Ergash ti po tíì,
ó bu díẹ̀ sínú abọ́ fún mi, bí a ti í bu ún fún ẹni tí a fẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni.
"Àwọn eku rẹ ńkọ́?"
Ọwọ́ rẹ̀ le bí igi òwú tí wọ́n ti ká tán.
Mo dì í mú. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, ó gbóná ju tíì lọ.
Mo ní, "Gbé abọ́ yẹn sílẹ̀ ná.
Ó ní eku kan."