Àfojúsùn Kejì

Ildus, mo ti ṣí àpótí onírin tó wà lábẹ́ ibùsùn.
Ìwé ẹ̀rí ìhùmọ̀ rẹ ló kún inú rẹ̀:
òǹtẹ̀ pupa, rìbọ́nì, nọ́ńbà,
eku sì ti jẹ igun ojú-ìwé kẹta.

Ti abẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí.
Iṣẹ́ alẹ́ lò ń ṣe nígbà náà, ní Saratov, lẹ́bàá Volga,
o ń fi omi kíkan jẹ irin tọ́ńgísítẹ́nì
títí ṣóńṣó rẹ̀ fi tín-ín-rín ju ohun tí ojú lè rí.
O tì í sínú gíláàsì, o fa gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde,
o wá fi agbára iná mọ̀nàmọ́ná dojú kọ ọ́.
Kò gbóná. Kò pọ́n.
Síbẹ̀ ẹ̀lẹ́kítírónù ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀
bí kòkòrò etí odò lálẹ́ oṣù kẹfà.
O ní, "Nursida, wọn ò fo ògiri náà, wọn ò sì fọ́ ọ.
Inú rẹ̀ ni wọ́n gbà."
Mo ní, báwo? O rẹ́rìn-ín, o bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.
Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì adìẹ.

Ìwé kejì, ti etí ni.
Etí tí a ń rì mọ́lẹ̀: mágínẹ́ẹ̀tì láàrin wáyà tó ká bí ìkarahun ìgbín.
A rì mẹ́rìnlá sí pápá tí wọ́n ti kórè òdòdó-oòrùn tán.
Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè ló fẹ́ ẹ,
kí ilẹ̀ lè sọ ẹni tó ń bọ̀ lókùnkùn fún wọn.
Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí màlúù,
kò mọ màlúù yàtọ̀ sí katakata.
Ó di dandan kí ẹnìkan kọ́ ọ.

Èmi ni.
Ọgọ́rùn-ún mítà lọ, ọgọ́rùn-ún mítà bọ̀,
pẹ̀lú bàtà awọ, pẹ̀lú bàtà rọ́bà, láìwọ bàtà,
lórí yìnyín, nínú ẹrẹ̀ tó gbé bàtà mi mì tí kò pọ̀ ọ́.
Nígbà tí mo lóyún Rezeda, o ní kí n tún rìn sí i:
"Ìgbésẹ̀ rẹ ti yàtọ̀. Ìyẹn wúlò fún wa."
Inú bí mi. Mo bi ọ́,
ṣé ẹsẹ̀ mi lò ń wá ni, àbí ẹ̀ṣẹ̀ mi?
O ò fèsì. O ti tẹjú mọ́ bébà
níbi tí kálàmù ẹ̀rọ ti ń gun òkè, tó ń sọ̀ ọ́.

Wò ó, ojú-ìwé keje:
àfojúsùn kìíní, màlúù.
Àfojúsùn kejì, ènìyàn kan, kílò méjìdínlọ́gọ́ta,
ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń balẹ̀ wúwo ju ọ̀tún lọ.
Kò sórúkọ.
Fún ogójì ọdún n ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì mi wúwo.
Ìwọ mọ̀. Ìwọ àti ilẹ̀.

Ọdún tí wọ́n fún ọ ní àmì-ẹ̀yẹ, ẹsẹ̀ gìrìgìrì kún ilé wa:
ọ̀gá, igbákejì ọ̀gá,
ẹni tó fẹ́ kọ orúkọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ.
Àńjọ̀fẹ́ kú tán, a ò rẹ́nìkan.
Aládùúgbò mẹ́ta àti ajá wọn ló sìn ọ́ dé ibojì.

Etí kan ṣì wà nínú ọgbà, lábẹ́ igi ápù,
gílóòbù kékeré rẹ̀ wà lójú fèrèsé kíṣìnì.
O kọ àbùkù rẹ̀ síbi ìparí ìwé, pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì:
bí ẹni méjì bá jọ rìn, tí ìṣísẹ̀ wọn bára mu,
ẹ̀rọ yóò kà wọ́n sí ẹnìkan.
A ò tíì rí ojútùú rẹ̀.

Lálẹ́ àná, mo rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo rọra padà.
Gílóòbù náà tàn lójú fèrèsé.
Ẹnìkan, ó ní.
N ò bá a jiyàn.