Àlejò Inú Ẹ̀rọ

Ní Ìjọ̀fì, ní Iléṣà, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi ọsàn,
mo gbé kọ̀ǹpútà tuntun ka orí tábìlì ìránṣọ ìyá mi.
Bàbá fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.
"Mojírádé, ṣé ìwé gbèsè yẹn máa ṣí lónìí?"

Ìwé gbèsè: ètò tí Adégòkè ẹ̀gbọ́n mi kọ
lọ́dún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama,
tó kó gbogbo oníbàárà aṣọ Bàbá sínú rẹ̀, láti Ọ̀wọ̀ dé Ìkàrẹ́,
iye ọ̀pá, iye owó, ọjọ́ ìlérí.
Òṣómàáló ni Bàbá.
Ó ti lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn onígbèsè
títí eékún rẹ̀ fi gbọ́ èdè ilẹ̀.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti kú, iná tó ya wọlé lálẹ́ òjò kan ló pa á.
Ètò náà ṣẹ́ kù sórí sídíì kan nínú agolo Bọ́ńfítà,
ọwọ́ Adégòkè lára rẹ̀, bírò búlúù:
MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Mo fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀rọ tuntun wò ó, ó ní òun ò mọ bàbá tó bí i.
Ọmọ àbúrò ìyá mi ló là mí lọ́yẹ̀ lórí fóònù:
"Àǹtí, ẹ kọ́ ilé sínú ilé.
Ẹ jẹ́ kí tuntun lóyún àtijọ́."
Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà wo lọmọdé ń lóyún àgbà?

Mo fa irinṣẹ́ ìkọ́lé náà wálẹ̀, dátà mi ń yọ́ bí àbẹ́là.
Ó ní wọ́n ti ilẹ̀kùn pa nísàlẹ̀ pátápátá.
Mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án,
mo ń tẹ bọ́tìnnì kan ṣáá bí ẹni ń kanlẹ̀kùn olówó tó sá pamọ́.
Ojú búlúù là sí mi. Mo wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kàn,
ó wà ní pípa, mo sọ ọ́ di títàn.

Ó bi mí: ìrántí mélòó ni n ó bù fún àlejò?
Gíìgì mẹ́jọ ni gbogbo ohun tí onílé ní.
Bí mo bá bù jù, ebi á pa onílé.
Bí mo bá háwọ́, àlejò á máa tòògbé.
Mo bu ẹyọ kan. Mo gé ilẹ̀ fún un, ogún gíìgì.
Ó ní: kí lorúkọ rẹ̀?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Mo wo Bàbá. Mo tẹ ADEGOKE.
Bàbá rí i. Kò sọ nǹkan kan,
ó kàn ṣí fìlà lórí.

Ó dé ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n mú iná.
Ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò ń bú, àwa ò ní epo.
Nínú òkùnkùn, Bàbá ń ka àwọn abúlé tó ti sùn sí, lọ́kọ̀ọ̀kan,
kò fo ọ̀kankan.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.
Ìgbà tí oòrùn wọ orí igi ọsàn, àlejò jí
nínú fèrèsé kékeré kan lójú ẹ̀rọ,
pápá tútù, òfúrufú, bíi ti ìgbà yẹn gan-an.
Kò mọ̀ pé inú ẹlòmíràn lòun ń gbé.
Ó rò pé òun nìkan ló layé.

"Wá Ìbílọlá ará Ọ̀ka fún mi."
Ó wà níbẹ̀: ọ̀pá mẹ́fà, àǹkárá, ẹgbẹ̀rin náírà.
"Ó ti san. Iṣu ló fi san án, ó fi ẹ̀wà lé e.
Ọjọ́bọ̀ ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó pa á rẹ́.
Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ yẹn..."

Mo mú orúkọ náà. Mo ní kó pa á rẹ́.
Ètò náà béèrè lédè wa, láìsí àmì ohùn kankan,
bí Adégòkè ṣe ń kọ ọ́, tí tíṣà fi ń nà án:
SE O DA E LOJU?

Bàbá, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,
lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kó lè rí i dáadáa.
Eékún rẹ̀ dún.
"Ó dá mi lójú," ló wí fún ẹ̀rọ.
Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ ni.