Ọgbẹ́ Márùn-ún Lára Igi

Inú àpótí pákó ni mo ti bá a,
òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́sàn-án,
wọ́n tò bí ẹja gbígbẹ nínú agbọ̀n
ní ìsọ̀ Wuori, ní Hancock, ní Míṣígàn,
níbi tí yìnyín kì í ti í tètè gbà láti lọ.
Wuori ní, "Arvid, mú èyí tó bá wù ọ́,
iye kan náà ni gbogbo wọn."
Àmọ́ èmi ò kí í ra ológbò inú àpò.
Mo yọ tọ́ọ̀ṣì kékeré,
mo yọjú wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan:
ọ̀kan ṣókùnkùn bí ihò èkúté,
òmíràn ti dógùn-ún dénú,
ìkẹta, ìlà inú rẹ̀ ń dán,
ó ń lọ́ lọ bí omi tó ń wọ kòtò.
1943 ni wọ́n tẹ̀ sí i lára.
Wọ́n fagi lé nọ́ńbà àtijọ́, wọ́n kọ òmíràn tì í,
bí opó tó tún ilé ọkọ mìíràn lọ.
Mo ka dọ́là sílẹ̀.

Gíríìsì yẹn!
Ẹni tó kun ìbọn yìí kò fẹ́ kó kú láéláé.
Ó ki, ó pọ́n bí oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò,
ó wọ ibi tí ìka ò lè wọ̀.
Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì nísàlẹ̀ ilé,
mo da kẹrosíìnì sínú ọpọ́n,
búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mẹ́ta ló bá iṣẹ́ náà lọ.
Lempi sọ̀ kalẹ̀ wá, ó fọwọ́ bomú:
"Ìkòkò tí mo fi ń se jáàmù dà?"
Mo dákẹ́.
Irin tó ń ti ọta wọlé ló ń hó nínú ìkòkò náà,
ọ̀rá pupa léfòó bí ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ.
Lọ́jọ́ Sátidé mo ra ìkòkò tuntun.
Díẹ̀ ló kù kí owó rẹ̀ tó ti ìbọn.

Igi rẹ̀, mo wé e sínú ọ̀rá dúdú,
mo tẹ́ ẹ sẹ́yìn gíláàsì ọkọ̀ lọ́sàn-án Oṣù Keje
kí oòrùn lè ṣe èyí tí àkísà ò lè ṣe.
Nígbà tí mo tú u, igi ń làágùn.
Mo nù ún, ó tún làágùn.
Ọgọ́rin ọdún ni òógùn yẹn ti wà nínú rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí wọn,
nítòsí ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi lé:
ọgbẹ́ márùn-ún, ọ̀bẹ ló kọ wọ́n,
wọn ò gùn ju èékánná lọ.

Inkeri, ọmọ ọmọ mi, fi ìka kà wọ́n.
"Bàbá àgbà, ṣé èèyàn ni?"
Kí ni kí n wí?
Ó lè jẹ́ èèyàn.
Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí oúnjẹ ò dé,
tàbí ọmọ tó fi sílé,
ó sì lè jẹ́ ọwọ́ tó dilẹ̀, tó rí ọ̀bẹ.
Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà ní òdì kejì igbó yẹn,
lọ́dún yẹn gan-an, nínú yìnyín,
tòun ti ìbọn tó jọ èyí bí ìbejì.
A ò rí i sin.
Ọta, ọ̀tá: ohùn la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀.
Ìbọn ò gbóhùn.

Wuori ti ní kí n fi sáńdípépà ha á,
kí n fi fáníìṣì kùn ún, pé á dán bí bàtà ṣọ́jà.
Mo ká sáńdípépà mọ́ pákó kékeré.
Mo gbé e lé ọgbẹ́ àkọ́kọ́.
Inkeri ń wò mí.
Mo dá a padà sínú dúrọ́ọ̀.

Epo líńsíìdì ni mo fi pa á, ọwọ́ lásán ni mo fi pa á,
ìka mi ń wọnú ọgbẹ́, ó ń jáde.
Ó ti wà lára ògiri báyìí. Mi ò ra ọta kankan fún un.
Bí ooru bá mú, á tún làágùn díẹ̀,
níbi ọgbẹ́ karùn-ún yẹn ṣáá.
Lempi á mú àkísà, á nù ún,
kò ní sọ nǹkan kan,
á lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.